Ẹ Lè Gbọ́ Ọ, Ẹ Ò Lè Gé E

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kejìlá

Ó yé mi lónìí. Ẹ̀pà ló là mí lójú.

Ìyá Àgbà ti pa ẹ̀pà sínú abọ́ ńlá mẹ́ta, wọ́n gbé e sí àárín agbo ilé. Wọ́n fi ọmọrí bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé òkúta lé ọmọrí nítorí adìyẹ. Wọ́n lọ kí ará ilé kejì. Nígbà tí wọ́n máa fi padà, abọ́ kan ti lọ. Wọ́n figbe ta. Láti ilé ìdáná ni Tátà Huguette, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ti dá wọn lóhùn:

"Ìyá, èmi ni mo gbé e wọlé. Eruku ń bọ̀."

"Mo fi òkúta lé e!"

"Òkúta yín nìyí lórí ẹ̀. Ìta gbangba lẹ gbé e sí, Ìyá. Ta ni yóò máa ṣí ọmọrí nígbà tó lè gbé abọ́?"

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo sáré wọ pálọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń ti ohùn Bàbá Àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i padà. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì ni Bàbá Àgbà Ògúndìran gbà sílẹ̀ nígbà ayé wọn: ohùn tiwọn, ohùn àwọn arúgbó Odomèta àti Kpankou àti Okpomèta, orin, ìtàn, èébú, ẹ̀rín. Ní oṣù kẹwàá ni mo kó gbogbo rẹ̀ sínú sáfà kékeré, ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà lábẹ́ tẹlifísọ̀n, tí gbogbo ilé ń pè ní àpótí. Ẹni tó bá wà nílé lè fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà pálọ̀ gbọ́ ọ. Mo ti fi òfin sí ara ohùn kọ̀ọ̀kan: gbígbọ́ nìkan. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, ìkẹsàn-án tó jẹ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti di méjìlélógún. Ẹ̀rín Bàbá Àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo rò pé ẹ̀rọ ń purọ́ ni. Ẹ̀rọ kò purọ́. Àyè láti gbé nǹkan kúrò kò sí lára nǹkan náà, ara dósíyè ló wà, ìyẹn yàrá tí nǹkan náà ń gbé nínú àpótí. Ẹni tó bá ní àyè nínú yàrá lè gbé ohùn tí mo tì jù nù, kó sì fi òmíràn síbẹ̀ lórúkọ kan náà. Mo ti ọmọrí mọ́kànlélógójì, mo fi yàrá sílẹ̀ gbayawu.

Kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ti kú. Ikán jẹ páálí, ọ̀rinrin jẹ téèpù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè yí. Wọ́n yí, wọ́n já. Ohun tó wà nínú àpótí ni gbogbo ohun tó kù. Ìrántí ọdún kan Bàbá Àgbà di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹbí á gbọ́ ọ, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí Lyon, nílẹ̀ Faransé. Mo padà sí Kétu ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" nìkan ló wà lẹ́nu mi. Ohùn inú àpótí yìí ló kọ́ mi ní ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, ara mi ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kejìlá

Mo ti ti yàrá. Ìlà mẹ́fà péré ni mo kọ. Mo fún olúkúlùkù ní orúkọ àti kóòdù tirẹ̀: Théophile, Huguette, Ayọ̀mídé tí í ṣe èmi, àti àwọn tó kù. Èmi àti Tátà Huguette nìkan la lè kọ nǹkan síbẹ̀, nítorí Tátà ló mọ ẹni tó ni ohùn wo, wọ́n sì ń bá mi kọ orúkọ sí i.

Mo ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé àyè mẹ́ta ló wà: ẹni tó lè wọlé, ẹni tó lè gbọ́, ẹni tó lè yí nǹkan padà. Wọ́n ronú sí i.

"Ẹni tó wọlé, tó gbọ́, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Àlejò nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O wá sọ wọ́n di àlejò nílé bàbá wọn?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tì í."

Tátà Huguette kọjá, wọ́n ní: "Eyínfúnjowó, ṣé o ti jagun tán?" Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dé. N kò tíì gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn. Ó ń dùn mọ́ mi. Ní Lyon, Reine lásán ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kejìlá

Bàbá Euloge dé láti Pobè. Àwọn ni Théophile, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Faransé ni wọ́n máa ń bá mi sọ. Èmi máa ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ láti oṣù kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó yẹ̀ fún ẹnì kejì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí ní Yorùbá, kí n lè borí níbì kan, ó kéré tán.

Wọ́n jókòó, wọ́n mumi, wọ́n ní: "Ṣé o ti gbọ́ ìkẹsàn-án? Mo ti tún un ṣe."

"Ẹ̀yin lẹ gé e, Bàbá?"

"Mo ní mo tún un ṣe. Ìwé tí ọmọléèwé kọ, ṣé bó ṣe kọ ọ́ náà la ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri? Ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín kàkàkà, ó ń bú ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn, ó ń fọhùn bí ará oko Kpankou. Olùkọ́ àgbà ni bàbá mi. Alága ìjọ á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kọ́ níwèé á wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo wá sílé wá gbọ́."

"Bàbá mi ni. Kì í ṣe bàbá rẹ."

"Bàbá bàbá mi ni."

"O pẹ́ jù kó o tó dé, ọmọ mi."

Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìsìnkú ni mo dé. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn.

Wọ́n ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà fún wọn, ojú wọn kì í rí lẹ́tà orí bọ́tìnnì dáadáa. Mo ṣí i lórúkọ wọn. Wọ́n gbọ́ ìkejìlá, wọ́n gé e, wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀. Àpótí ní kò sí àyè. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí àyè.

"Ẹ̀rọ yìí ń sọ fún mi pé n kò láṣẹ lórí ohùn bàbá tó bí mi?"

"Ẹ lè gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ ò lè gé e."

Wọ́n dìde, wọ́n mú fìlà wọn. Mo sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀. Nínú mi, mò ń jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kejìlá

Ọyẹ́ dé. Eruku wọ ìrẹsì, wọ ibùsùn, wọ inú àpótí. Kànga ti jìn ju okùn wa lọ. Omi dúrọ́ọ̀mù kan ti gbówó lérí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yẹ yàrá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wà ní títì.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kejìlá

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Orin àwọn obìnrin Okpomèta tí wọ́n ń fi gbin àgbàdo. Ìṣẹ́jú méjìlá ti lọ. Bàbá Àgbà bá wọn gberin níparí rẹ̀, ìyẹn náà lọ.

Àpótí máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé àti ohun tó ṣe. Mo ka ìwé rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tí èmi àti Ìyá Àgbà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Euloge tún ti wá láti Pobè lánàá, mo sì mọ̀ pé wọ́n wà nílé lásìkò náà, orúnkún ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ wọn ló wà níbẹ̀.

Huguette ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kejìlá

Mo bá Tátà nídìí àkàsà.

"Tátà, ẹ̀yin lẹ gé ìkẹẹ̀ẹ́dógún."

"Èmi?"

"Orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la ní àyè. Mo fọkàn tán yín, ẹ sì bá Bàbá Euloge gé Bàbá Àgbà."

Wọ́n fi orógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò. "Ẹni tó ní kí n ṣí i fún òun, mo ṣí i fún un. Ìyẹn ni mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò ṣí i lórúkọ tiwọn? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà!"

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó yàgbẹ́ sí àárín àlejò. Wọ́n yíjú sí ìkòkò.

Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí àkàsà tó jinná. Kí gbogbo ilé bínú. N kò wá gba oyè ọmọ rere.

Wọ́n gbé oúnjẹ mi wá bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Eyínfúnjowó.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kejìlá

Ìyá Àgbà ní kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀wà la máa ṣà.

"Kí lo ṣe fún ìyàwó ilé?"

Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú igbéraga, bí ẹni tó mú olè. Wọ́n gbọ́ tán.

"Orúkọ wo lo kọ sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Euloge?"

"Théophile."

"Ojú Bàbá Euloge kò ríran. Ta ni yóò bá a tẹ̀ ẹ́?"

"Tátà."

"O wá fẹ́ kí ìyàwó ilé fi ìka kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn?"

"Ìyá, ọkọ wọn kọ́ ni Bàbá Euloge, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ni..."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Ìwọ náà, o ti wà kí wọ́n tó gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni ọ́. Oṣù mélòó lo ti wà nílé yìí? Ṣé ó ti pè ọ́ ní Ayọ̀mídé rí?"

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí Tátà Huguette ti wọ ilé yìí, orúkọ Bàbá Euloge kò tíì jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n dé iwájú kọ̀ǹpútà, mo ní kí wọ́n tẹ Théophile kí wọ́n tó lè wọlé. Wọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ orúkọ tiwọn, tí èmi fúnra mi fún ní gbogbo àyè. Àpótí rí Huguette lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wọlé. Ẹni tó mú ọ̀bẹ tẹ̀lé wọn wọlé ni kò rí.

Kò sẹ́ni tó dalẹ̀. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn tí ìyàwó ilé kò lè gbà wọlé láì tẹ́ ara rẹ̀. Ìwé gbogbo tí mo kà lórí bí wọ́n ṣe ń ti dósíyè, kò sí èyí tó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kejìlá

Mo kúnlẹ̀ ní ilé ìdáná. Tátà Huguette fi mí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títí wọ́n fi ge àlùbọ́sà tán.

"Ọkọ mi, dìde. Ilẹ̀ Kétu le jù fún orúnkún Faransé."

"N kò ní dìde, Tátà, títí ẹ ó fi dárí jì mí."

"Háà. Alágídí náà ni níbi ẹ̀bẹ̀." Wọ́n ti ọlọ sún mọ́ mi. "Ó dáa, bó o ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, lọ ata."

Mo lọ ata. Ojú mi ń ṣomi. Wọ́n ní ata ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ata ni.

"Eyínfúnjowó."

"Tátà."

"Má ṣe dẹ́kun ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n kó o máa kọ́kọ́ béèrè."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kejìlá

Mo tú gbogbo rẹ̀ ká, mo tún un kọ́.

Ẹnikẹ́ni kò ní lo orúkọ ìwé mọ́. Orúkọ tí ilé ń pe ènìyàn ló máa lò: Bàbá Euloge, Ìyá Cyriaque tí í ṣe Tátà Huguette, Eyínfúnjowó. Tátà Huguette jókòó tì mí, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ gbogbo rẹ̀ láì ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Gbígbọ́ nìkan, fún gbogbo ènìyàn. Fún mi náà. Orúkọ tí à ń kọ sí ohùn ti ní dósíyè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó lè yí nǹkan padà, ẹnì kan ṣoṣo ni: Ìyá Àgbà, tí wọn ò mọ̀wé. Àwọn ni wọ́n mú kóòdù náà wá láti inú ọkàn wọn, ọ̀rọ̀ méjì. Wọ́n sọ àkọ́kọ́ sí etí Tátà Huguette, wọ́n sọ èkejì sí etí mi. Kóòdù olórí àpótí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gé nǹkan, mo ní láti pe Tátà. Bí Tátà bá fẹ́ gé nǹkan, wọ́n ní láti pè mí.

"Bí mo bá kú ńkọ́?" Ìyá Àgbà ní.

"Ẹ ò ní kú, Ìyá."

"Kọ ọ́ sínú àpótí pé n kò láyè láti kú." A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi yọjú.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kejìlá

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án, òkú ara rẹ̀, lọ bá ẹ̀gbọ́n Latifou tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀.

"Ọmọ Faransé, ó yẹ ká ti sin èyí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Òkú kì í jí ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án." Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú abẹ. Wọ́n gé ibi tó jẹrà, wọ́n fi téèpù alálẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so ibi tó já, wọ́n fi ìka yí i. Ó yí. Kọ̀ǹpútà mi ń gbà á sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú méje jáde. Lẹ́yìn náà ó já pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà wà níbẹ̀! Kàkàkà, bí ẹni tó ń da òkúta sínú garawa. Ẹ̀gbọ́n Latifou náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń pa Bàbá Àgbà lẹ́rìn-ín.

Èmi àti Tátà ṣí yàrá láti fi í síbẹ̀. Nígbà tí mò ń tẹ ìdajì tèmi, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí wọ́n ń tẹ tiwọn, èmi náà kẹ̀yìn. A ṣe é bí ẹni ń wẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù kejìlá

Bàbá Euloge pe ìpàdé. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ní Faransé tó dán: iyì ìdílé, orúkọ rere, ohun tí ọmọdé tó dé lánàá kò lè mọ̀. Wọ́n wá nawọ́ sí mi.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àkọ́bí?"

"A kò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, Bàbá. Ẹ wọlé nígbà tó wù yín. Ẹ gbọ́ èyí tó wù yín. Èmi náà kò lè fọwọ́ kàn án."

"Mo ní ta ló fún ọ láṣẹ!"

"Èmi ni," Ìyá Àgbà ní. Wọn ò gbé ohùn sókè. "Ọkọ mi ló ń wúkọ́ níbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi gbọ́ ikọ́ yẹn. O fẹ́ gé e, kí n máa gbọ́ ta ni?"

Bàbá Euloge dìde. "Kí ẹ máa gbọ́ èdè oko yín. N kò ní jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Mo borí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ó jẹ́ òótọ́: mo borí, inú mi sì dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kìn-ín-ní

Iná lọ fún ọjọ́ méjì, ó padà. Àpótí jí. Yàrá wà ní títì. Ó ku mẹ́rìnlá nínú ohùn tí n kò tíì gbọ́ dé òpin. Tátà ní tí n kò bá wá jẹun, àwọn á ti dósíyè ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kìn-ín-ní

Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ojú kejì. Arúgbó Odomèta kan ló ń sọ nípa ọdún tí eéṣú jẹko. Ó parí. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan. Mo fẹ́ pa á, mo wá ní kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí dé òpin. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún òfo. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Àgbà nìkan, ẹnu wọn sún mọ́ ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Ọdún kejì tí mo fi kọ́ni ní Odomèta, Théophile wà ní kíláàsì mi. Ó sọ èdè ilé. Mo fi síńyáàlì kọ́ ọ lọ́rùn, egungun màlúù tí à ń fi jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé níyà, bí mo ṣe ń fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kí ó tó lè bọ́ ọ, ó ní láti rí ọmọ mìíràn tó sọ ọ́, kó mú un wá. Kò mú ẹnikẹ́ni wá. Ó ń gbọ́ wọn, kò mú wọn wá. Ó gbé e gba ọjà kọjá, ó gbé e jẹun, ó gbé e sùn. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní òfin ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, Faransé ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, títí dòní. Èmi wá ń gbé rédíò kiri oko, mò ń bẹ àwọn arúgbó kí wọ́n fún mi ní èdè tí mo gbà lẹ́nu ọmọ mi."

Wọ́n wúkọ́.

"Ẹni tó bá gbọ́ ibí, jọ̀wọ́, pa á rẹ́. Kí Théophile má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kìn-ín-ní

Mo gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Pobè. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mú gàrí Odomèta dání kí ọwọ́ mi má bàa ṣófo.

Bàbá Euloge jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ìwé ìròyìn wà lórí itan wọn, wọn ò kà á. A kí ara wa. A sọ̀rọ̀ orúnkún, a sọ̀rọ̀ ọyẹ́. Faransé tiwọn, Yorùbá tèmi. Mo dìde láti máa lọ.

"Ayọ̀mídé."

"Bàbá."

Wọn ò wò mí. Ní èdè Kétu, bí ará oko Kpankou gan-an, pẹ̀lú ohùn kan tí mo mọ̀ láti inú àpótí, wọ́n ní:

"Nínú gbogbo rẹ̀ tó o ti gbọ́. Ṣé ó dárúkọ mi níbì kankan?"

Bàbá Àgbà kú láì sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí Bàbá Euloge sì ń wá kiri nínú kásẹ́ẹ̀tì láti ìgbà yìí, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, orúkọ ara wọn ni.

"N kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, Bàbá."

Irọ́ ni mo pa: ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ti dárúkọ wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n máa rọra lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kìn-ín-ní

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Àwọn ará Okpomèta ti ń kó àga wá.

Mo ti rò ó títí. Bí mo bá pa á rẹ́, mo ti ṣe ohun tí òkú bẹ̀bẹ̀ fún, mo sì ti di ẹni tó gé ohùn rẹ̀, èmi tí mo bá àgbà jà nítorí ohun kan náà. Èmi nìkan kò tilẹ̀ lè ṣe é. Mo ní láti pe Tátà Huguette kí wọ́n wá tẹ ìdajì tiwọn, wọ́n á sì béèrè kí ni à ń gé. Ìyá Àgbà tó bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà náà lọ́hùn-ún, ṣé èmi ni kí n tún mú un dún sí wọn létí?

Bí mo bá fi í sílẹ̀, gbígbọ́ nìkan, gbígbọ́ nìkan náà ni: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á mú un lọ. Ọmọ ọmọ kan ní Cotonou á fi fóònù gbọ́ ọ, á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bàbá Euloge ló máa gbẹ̀yìn gbọ́ pé ọrùn wọn ti di ìtàn.

Bí mo bá sì gbé e lọ sí Pobè lọ́la, kí n fi sí wọn létí lábẹ́ igi máńgòrò, àwa méjì péré, mo ti dalẹ̀ òkú. Òkú tó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́, tí kò sì sọ ọ́.

N kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé yìí, nítorí ẹni tí mo bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ọ nìyẹn. Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ni mo rí, ìwọ tí o kò mọ ojú wa, tí kò sí ẹni tí wàá pàdé lọ́jà nínú wa. Mo ti ja ìjà yìí láti ìgbà ẹ̀pà, n kò sì fẹ́ jà mọ́ lọ́la. Bàbá Euloge béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, Bàbá Àgbà náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Jọ̀wọ́, ta ni kí n dá lóhùn?